Ipò kejì tàbí ipò karùn-ún: kí ló yí padà fún ọmọ wa nínú oṣù Kẹta?

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni mo gbé wá lónìí, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Àbíkẹ́yìn mi ń gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì kékeré kan. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí, ó sì ti wà lára àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré. Líìgì wọn, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní conference, kì í ṣe irú èyí tí tẹlifíṣọ̀n ń sáré tẹ̀ lé. Ètò ìdíje tí wọ́n fi ń parí ọdún jọ ti líìgì Ohio Valley gan-an: ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló ń lọ, ọjọ́ mẹ́rin léraléra ni wọ́n fi ń gbá a, gbọ̀ngàn kan náà ni gbogbo wọn ti ń pàdé. Eré méjì ló kù kí wọ́n tó lọ. Ipò kẹrin ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá borí nínú méjèèjì, wọ́n lè dé ipò kejì. Bí wọ́n bá pàdánù méjèèjì, ipò kẹfà ò jìnnà sí wọn.

Lánàá ó pè mí lẹ́yìn ìdánrawò, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Mọ́mì, bí a ò bá rí ipò kejì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti wá." Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ọ̀nà á ti gùn jù. Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Ṣebí ẹni tó bá gba ife líìgì ló ń lọ sí March Madness, ìdíje ńlá ti gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà? Kí ni ipò tún fẹ́ ṣe níbẹ̀? Bí wọn ò bá sì gba ife, ṣé ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹgbẹ́ ò lè wo gbogbo eré tí wọ́n ti borí láti oṣù Kọkànlá, kí wọ́n pè wọ́n?

Lọ́dún tó kọjá, mo sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ kìíní ni wọ́n lé àwọn ọmọ mi jáde, òtẹ́ẹ̀lì ò sì dá kọ́bọ̀ padà. Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́dún yìí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Màámi, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìbéèrè tí ẹ béèrè gbẹ̀yìn ni màá kọ́kọ́ dáhùn: kò dájú rárá pé ìgbìmọ̀ á pè wọ́n, ẹ má gbójú lé e. Mi ò sọ ọ́ láti bà yín lọ́kàn jẹ́ o, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹgbẹ́ 68 ló ń lọ sí March Madness. Ní 2025, 31 nínú wọn wọlé nítorí pé wọ́n gba ife líìgì wọn. Àwọn 37 tó kù, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 ló yàn wọ́n. Àwọn líìgì ńlá ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú àyè ìgbìmọ̀ yẹn lọ. Lọ́dún yẹn, SEC, ọ̀kan nínú àwọn líìgì ńlá yẹn, nìkan rán ẹgbẹ́ 14 lọ. Nínú líìgì bíi ti ọmọ yín, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń lọ, ìyẹn ẹni tó gba ife.

Ibi tí ipò ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Nínú ètò tí ẹ sọ yìí, ipò 1 àti ipò 2 kì í gbá nǹkan kan títí yóò fi ku ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ipò 3 àti 4 ń dúró de ọjọ́ kejì. Ipò 5 sí 8 ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Nítorí náà, ẹni tó wà ní ipò kejì ní láti borí lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ife, ẹni tó wà ní ipò kẹrin ní láti borí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó wà ní ipò karùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ẹ gbé e sórí ìwé. Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ yín dára débi pé, ẹnikẹ́ni tó bá dojú kọ wọ́n, wọ́n á borí nígbà 6 nínú 10. Bó bá jẹ́ eré méjì, àǹfààní àtigba ife jẹ́ 36 nínú 100. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ó di bíi 22. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, 13. Ẹgbẹ́ kan náà, ọmọ kan náà, kóòṣì kan náà o! Eré méjì tó kù yìí ló máa sọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ yín mọ ohun tó ń sọ.

Kóòṣì tẹ́lẹ̀, Atlanta

Ìṣirò àbúrò mi dára, àmọ́ ó gbàgbé ara ènìyàn. 6 nínú 10 ti ọjọ́ kìíní kì í ṣe 6 nínú 10 ti ọjọ́ kẹrin.

Mo ṣe igbákejì kóòṣì ní ilé-ìwé kékeré kan fún ọdún mẹ́fà. Lọ́dún kan, ìsàlẹ̀ la ti wọ ìdíje líìgì. A borí lọ́jọ́ kìíní, a borí lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo wọ yàrá tí wọ́n ti ń we ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ọmọ tó ń darí eré wa, tó ti gbá ìṣẹ́jú 38 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì gbá odindi 40 lọ́jọ́ kejì, dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n ń yí bándéèjì funfun mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kí wọ́n tó bọ́ sí tòsì, ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, omi yìnyín ṣì ń kán láti orúnkún rẹ̀ sórí ilẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá pàdé lálẹ́ ọjọ́ náà ti ń sinmi fún odindi ọjọ́ márùn-ún.

A bá wọn yí i títí di ìdajì eré. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ń jù láti òkèèrè, etí irin iwájú ló ń gbá. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí pápá rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ti kú nìyẹn, kì í ṣe ọwọ́. Mi ò gbàgbé ọmọ tó sùn yẹn di òní. Tí ẹ bá lè bá àbúrò sọ̀rọ̀ kí eré tó ń bọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ìsinmi tí ipò kejì ń fúnni, apá kan ife ni.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ti ń yé mi báyìí. Ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kejì lọ́wọ́lọ́wọ́, àwa àti wọn ti na ara wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá parí pẹ̀lú iye ìborí kan náà, báwo ni wọ́n á ṣe pín wa?

Alàgbà South Side, Chicago

Màmá, ẹni tó borí nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì pàdé ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ìyẹn ti dọ́gba. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ líìgì, wọ́n á wo bí kálukú ṣe ṣe sí ẹgbẹ́ tó wà lókè pátápátá. Bó bá tún dọ́gba, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀ lé e, wọ́n á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìyàtọ̀ á fi yọ. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín: nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ti na ẹni tó wà ní ipò kìíní? Bó bá jẹ́ tiyín ni, ẹ ti ní ọ̀bẹ lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ wá ìwé òfin ìdíje lórí ìkànnì líìgì wọn, nítorí òfin líìgì kan yàtọ̀ sí ti èkejì, pàápàá bí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá so kọ́ra.

Bí òfin yìí ṣe lè dunni tó, àwa tí à ń ṣe ti Illinois ló yé. Ní 2021, ọdún Kòrónà, ọmọ wa Ayo Dosunmu ló ń gbé Illinois lérí. Illinois borí lẹ́ẹ̀mẹrìndínlógún nínú líìgì wọn, Big Ten, wọ́n pàdánù mẹ́rin. Michigan borí lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, wọ́n pàdánù mẹ́ta, nítorí pé àrùn ti fagi lé díẹ̀ nínú eré tiwọn. Ìdá ni wọ́n fi ṣírò, wọn ò ka iye, ni wọ́n bá gbé ipò kìíní fún Michigan. Bẹ́ẹ̀, Illinois ti lọ na Michigan nílé wọn pẹ̀lú 76 sí 53, Dosunmu ò tilẹ̀ gbá lọ́jọ́ náà! Ó dùn mí wọra. Àwọn ọmọ náà kàn gba ipò kejì wọ ìdíje ní Indianapolis, wọ́n gba ife lọ́wọ́ Ohio State pẹ̀lú 91 sí 88 lẹ́yìn àfikún àkókò.

Ẹ wá wo ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n ń kéde àwọn tó wọlé: Illinois gba seed 1, ìyẹn èyí tó ga jù nínú ipò 1 sí 16 tí ìgbìmọ̀ ń pín fún àwọn ẹgbẹ́, Michigan náà gba seed 1. Ariwo tí a pa lórí ẹni tó wà lókè tábìlì, kò kàn wọ́n.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Kókó tí alàgbà fi parí yẹn ló máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ipò nínú líìgì ò sí lára ohun tí ìgbìmọ̀ fi ń ṣèdájọ́. Ìwé tí wọ́n ń gbé síwájú fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ẹ bá pàdé àti ibi tí ẹ ti pàdé ló kún inú rẹ̀. Láti sáà 2018-19 ni wọ́n ti ń lo ìdíwọ̀n tí wọ́n ń pè ní NET, tó ń to gbogbo ẹgbẹ́ láti orí ẹni tó dára jù dé ẹni tó kẹ́yìn. Wọ́n pín gbogbo eré sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí eré tó lè wọ ọ̀nà kìíní, tó níyì jù, ẹni tí ẹ bá pàdé gbọ́dọ̀ wà láàárín 30 àkọ́kọ́ bó bá jẹ́ ilé yín, 50 bó bá jẹ́ pápá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, 75 bó bá jẹ́ ilé wọn. Bí ẹ bá lọ pàdánù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó wà ní 250, ọ̀nà kẹrin nìyẹn, àbààwọ́n ni.

Nínú líìgì kékeré, eré ọ̀nà kìíní ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo Indiana State ní 2024. Wọ́n wà lókè líìgì Missouri Valley, wọ́n borí nínú eré 28, mẹ́fà péré ni wọ́n pàdánù, ẹni tó bá wo bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn kò ní gbàgbé. Drake nà wọ́n nínú àṣekágbá líìgì, 84 sí 80. Ìgbìmọ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Àmì mẹ́rin péré, ni ọ̀nà bá dí.

Akẹ́kọ̀ọ́, Knoxville

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má bínú o, mo rò pé a ti ń fi ipò dẹ́rù bá ìyá wa jù. Ní 2011, ipò kẹsàn-án ni UConn, yunifásítì Connecticut, ti wọ ìdíje líìgì Big East. Kemba Walker kó wọn gba eré márùn-ún nínú ọjọ́ márùn-ún, wọ́n gba ife, wọ́n tún lọ gba ife gbogbo Amẹ́ríkà. Ní 2024, NC State wà ní ipò kẹwàá nínú líìgì ACC, ìborí 17, ìpàdánù 14. Louisville, Syracuse, Duke, Virginia, North Carolina, gbogbo wọn ni wọ́n nà tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n sì dé Final Four, ibi tí ó ti ku ẹgbẹ́ mẹ́rin nínú March Madness. Ó ṣeé ṣe!

Kóòṣì tẹ́lẹ̀, Atlanta

Ó ṣeé ṣe, àbúrò, mi ò ní kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n rántí eré Virginia yẹn: bí aago ṣe fẹ́ pé, bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta tí Michael O'Connell jù kọ́kọ́ gbá pátákó kó tó wọlé, òun ló gbé wọn dé àfikún àkókò. Bí kò bá wọlé, sáà wọn parí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n pẹ̀lú, ẹni tó jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn lè bẹ̀rẹ̀ eré nílé-ìwé kékeré. Ọmọ ìyá wa kò ní irú bẹ́ńṣì bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Ẹ sì wo ẹni tó sanwó rẹ̀. Láìsí ife yẹn, NC State kò ní wọlé. Àyè kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Lọ́sẹ̀ kan náà, Duquesne gba ife Atlantic 10 láti ipò kẹfà, New Mexico gba ti Mountain West láti ipò kẹfà, Oregon gba ti Pac-12, UAB gba ti American. Ìgbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan tó ti ń ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó wọlé á ṣubú lẹ́yìn. Lọ́dún yẹn, Indiana State wà lára wọn, St. John's àti Seton Hall náà wà níbẹ̀.

Baba Surulere, Èkó

Ẹ̀yin ọmọ, NC State ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ẹ bi àwa tí a mọ Akeem Olajuwon láti Èkó níbí. Ní 1983, NC State pàdánù eré mẹ́wàá kí ìdíje ACC tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lọ sí Atlanta, wọ́n na Wake Forest pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo, wọ́n na North Carolina nínú àfikún àkókò, wọ́n na Virginia. Ife yẹn ló mú wọn dé Albuquerque, ibi tí wọ́n ti bá Houston ti Olajuwon pàdé nínú àṣekágbá. 54 sí 52. Lorenzo Charles gba bọ́ọ̀lù tó kù díẹ̀ káàtó lójú òfuurufú, ó kì í bọ inú àwọ̀n, aago pé. Olajuwon ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù lọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ló pàdánù. Ìdíje líìgì tí wọ́n gbá ní Atlanta ló gba ife lọ́wọ́ ọmọ wa ní New Mexico, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́, Knoxville

Ẹ ṣeun sà. Mo gbà fún yín. Ìbéèrè tèmi nìyí: ọ̀rẹ́ mi wà nílé-ìwé kan nínú SEC tó ṣeé ṣe kó parí sí ipò kẹjọ. Wọ́n wà lẹ́nu ààlà, kò dájú bóyá ìgbìmọ̀ á pè wọ́n. Ṣé ipò kẹjọ burú fún wọn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí wọn ò fi dandan nílò ife. Nínú ètò ẹlẹ́gbẹ́ 16 ti SEC, ipò kẹjọ ń sinmi lọ́jọ́ kìíní, ó ń dúró de ẹni tó bá borí láàárín ìkẹsàn-án àti ìkẹrìndínlógún, lẹ́yìn náà ó bá ipò kìíní pàdé. Ẹni tó bá na ipò kìíní SEC lórí pápá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ọ̀nà kìíní ni, kò sí àríyànjiyàn. Ohun tí màá bẹ̀rù fún ọ̀rẹ́ rẹ ni eré tó ṣáájú rẹ̀: bí ìkẹrìndínlógún bá já wá bá wọn, ìborí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n lóore, ìpàdánù sì lè pa wọ́n.

Kí ó má sì rò pé eré méjì tàbí mẹ́ta á nu gbogbo oṣù mẹ́rin nù. Texas A&M wọ ìdíje SEC ní 2022 láti ipò kẹjọ gan-an. Wọ́n na Florida, wọ́n na Auburn tó wà lókè, wọ́n na Arkansas, Tennessee ló dá wọn dúró nínú àṣekágbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pàdánù eré mẹ́jọ léraléra láàárín sáà. Ìgbìmọ̀ ò pè wọ́n. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n pè wọ́n.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Baltimore

Ẹ fi tiwa kún un. Ní àwọn líìgì kan, bíi America East àti Patriot, wọn kì í lọ sí gbọ̀ngàn àjòjì. Ẹni tó bá ní ipò tó ga jù ló ń gbàlejò, títí kan àṣekágbá. Níbẹ̀, ipò ni ilé, ipò ni ariwo àwọn èrò. Èyí ló jẹ́ kí ohun tí UMBC ti ìlú wa ṣe ní 2018 tóbi: Vermont nílé ara wọn ni wọ́n lọ nà, 65 sí 62, kí wọ́n tó lọ di seed 16 àkọ́kọ́ tó borí seed 1 nínú March Madness àwọn ọkùnrin, Virginia, 74 sí 54.

Màmá, ẹ tún bi ọmọ yín bóyá gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nínú líìgì wọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ. Ní 2023, Merrimack gba ife Northeast Conference lọ́wọ́ Fairleigh Dickinson, 67 sí 66. Àmọ́ Merrimack ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè láti ìpele kejì, òfin ò tíì gbà wọ́n láyè, ni wọ́n bá gbé àyè náà fún Fairleigh Dickinson. Àwọn tó pàdánù yìí kan náà ló lọ na Purdue, 63 sí 58.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Dayton

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Owó ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ má sanwó ọjọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Yàrá tí ẹ lè fagi lé láìsan nǹkan kan títí di ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ wá, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n jù. Ẹ dúró kí eré tó kẹ́yìn parí, nítorí ipò ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ máa dé: ipò kejì, ọjọ́ kẹta ni ẹ máa wọ̀lú, ipò kẹrin, ọjọ́ kejì. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ọjọ́, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa rà á. Kí ẹ tó rà á pàápàá, ẹ bi ọmọ yín bóyá ó lè fi orúkọ yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n máa ń fún àwọn eléré láyè fún ẹbí.

Bí wọ́n bá wá gba ife, ẹ má yára ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú síbì kankan. Àwọn líìgì kékeré máa ń parí ṣáájú. Ti Ohio Valley, ọjọ́ mẹ́jọ ló máa ń wà láàárín ife àti Sunday ìyàn. Mẹ́rin tó kéré jù nínú àwọn tó gba ife líìgì, ìlú wa níbí ni wọ́n ń rán wọn wá, ọjọ́ Tuesday àti Wednesday, láti du seed 16. Ẹ ò ní ní ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ láti múra. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, yàrá kan ṣófo nílé mi, ẹ má wá òtẹ́ẹ̀lì.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Houston

Ọlọ́run á bù kún yín, àǹtí. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́: wọ́n borí lánàá! 71 sí 66. Ọmọ mi jẹ àmì 14. Ó di eré kan ṣoṣo, lọ́jọ́ Saturday. Mo bi í ní ìbéèrè alàgbà, ó ní àwa la na ẹni tó wà lókè nínú oṣù Kìíní, àwọn tó wà ní ipò kejì ò nà á. Nítorí náà, bí a bá dọ́gba, tiwa ni. Mo ti rí yàrá tó ṣeé fagi lé. Ọjọ́ kẹta ni mo kọ síbẹ̀.

Ìyá mi ní Ìbàdàn náà fẹ́ wo ìkéde Sunday yẹn bí Ọlọ́run bá ṣe é. Aago mélòó ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ wọn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Maryland

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ níbí ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. A ti máa sún aago síwájú nígbà náà, nítorí náà aago mọ́kànlá alẹ́ ni ní Ìbàdàn. Ẹ ní kí màmá sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹnì kan sì bá wọn gba iná sí fóònù sílẹ̀.